Kí ló ń ṣiṣẹ́ gan-an nínú egbòogi àwọn ará Ṣáínà?

Ẹni tó bá ti fọ ewúro rí ti ṣe díẹ̀ nínú iṣẹ́ tí a fẹ́ sọ yìí. Ó da omi sí i, ó fi ọwọ́ méjèèjì bọ́ ọ, ó hó yẹ̀ẹ̀, ó fún un, ó da omi kíkorò nù, ó tún bu òmíràn sí i. Kíkorò ti kúrò lára ewé, ó ti bá omi lọ, ohun tó ń hó náà sì bá a lọ. Bó bá jẹ́ pé kíkorò yẹn ni oògùn, inú gọ́tà ló wà yẹn. Nítorí náà, ohun tó yẹ kó kọ́kọ́ jáde lẹ́nu ẹni tó ń wá èròjà tó ń ṣiṣẹ́ nínú egbòogi Ṣáínà ni pé: báwo ni àwọn tó ni ín ṣe ń lò ó? Ṣé sísè ni, àbí rírẹ sínú ọtí, àbí gígún mu? Àwọn ìyá alágbo ní Mushin àti ní Jankara mọ̀ pé àgbo tí a fi omidùn rẹ yàtọ̀ sí èyí tí a sè, àti pé èyí tó wà nínú ògógóró, ọ̀tọ̀ ni tiẹ̀. Ní èdè láàbù, sọ́fẹ́ǹtì (omi tí a fi ń yọ èròjà jáde) mẹ́ta nìyẹn, oje mẹ́ta tí ohun tó wà nínú wọn ò dọ́gba.

Qinghao, ewé kan tí àwọn ará Ṣáínà ń lò fún ibà, ló fi èyí hàn jù. Ní 1967, ìjọba Ṣáínà kó àwọn onímọ̀ jọ láti wá oògùn ibà. Ọjọ́ 23 oṣù Karùn-ún ni ìpàdé náà bẹ̀rẹ̀, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń pe iṣẹ́ náà ní 523. Tu Youyou, obìnrin onímọ̀ oògùn kan, bọ́ sí i ní 1969. Ẹgbẹ́ rẹ̀ yẹ ìlànà ìpoògùn tó lé ní 2,000 wò, wọ́n ṣa 640 jáde, wọ́n sì dán oje tó lé ní 380, láti ara nǹkan bí 200 egbòogi, wò lára eku tó ní ibà. Oje qinghao kan dá kòkòrò ibà dúró dé ìdá 68 nínú 100, àmọ́ nígbà tí wọ́n tún un ṣe, kò rí bẹ́ẹ̀ mọ́. Ibi tí ọ̀pọ̀ èèyàn ì bá ti kọ "kò ṣiṣẹ́" sínú ìwé nìyẹn. Tu padà sídìí ìlànà Ge Hong, oníṣègùn ọ̀rúndún kẹrin, ó sì rí i pé Ge Hong kò ní kí wọ́n se ewé yìí rárá: ẹ̀kúnwọ́ kan ni kí wọ́n rẹ sínú omi, kí wọ́n fún un, kí wọ́n mu oje rẹ̀ tán. Bí ẹni fọ ewúro, àmọ́ omi rẹ̀ ni wọ́n ń mu. Ó wá fi ether, tó ń hó ní nǹkan bíi díígírì 35, yọ ọ́ láìfi iná líle sí i. Ó fi omi alkali fọ apá tó jẹ́ ásíìdì kúrò, ó sì mú apá tó ṣẹ́ kù. Oje nọ́ńbà 191 nìyẹn. Ní 4 oṣù Kẹwàá 1971, ó pa kòkòrò ibà lára eku, kò ku ẹyọ kan. Ní 1972 ni wọ́n rí kírísítà artemisinin: C15H22O5, ìwọ̀n móléékù 282, ó ń yọ́ ní díígírì 156 sí 157. Ọmọ rẹ̀ ló wà nínú Coartem tí à ń rà ní fámásì.

Ohun méjì ló fara sin sínú ìtàn yẹn fún ẹni tó ń ṣiṣẹ́ láàbù. Artemisinin kò fẹ́ràn omi; omi tí wọ́n bá fi sè é kì í gbé púpọ̀ nínú rẹ̀ jáde, ooru sì tún ń ba agbára oje náà jẹ́. Èkejì ni pé kò fẹ́rẹ̀ẹ́ gba ìmọ́lẹ̀ UV mọ́ra. Bí ẹ bá ta oje rẹ̀ sórí pátákó TLC (pátákó silica tí èròjà inú oje ń pínyà lórí rẹ̀), tí ẹ gbé e sábẹ́ iná UV 254 nm, ẹ ò ní rí i. Ẹni tó bá gbójú lé iná yẹn nìkan á da ìpín tí oògùn wà nínú rẹ̀ nù, á wá máa bá chlorophyll yí. Ẹ fọ́n p-anisaldehyde tó ní sulphuric acid sí pátákó náà, ẹ gbé e sínú ooru díígírì 105 fún ìṣẹ́jú 5, á yọ jáde ní àwọ̀ pupa tó fẹ́ jẹ́ àlùkò. Lórí HPLC, ẹ̀rọ tó ń ya àwọn èròjà inú oje sọ́tọ̀, pàápàá, nǹkan bíi 210 nm ló kù tí ẹ ti lè rí i, gbogbo ìdọ̀tí sì ń hàn níbẹ̀. Àwọn tó bá ní ELSD, ẹ̀rọ tó ń rí èròjà láìlo UV, ló ń gbádùn. Àtipé ether tí Tu lò yẹn, ẹ má gbé e wọ láàbù tí kò ní ẹ̀rọ amúlétutù nílùú Èkó. Ọ̀sán wa ń lọ sí díígírì 32 tàbí 33, ó ku díẹ̀ kó hó nínú ìgò fúnra rẹ̀, ó sì tún ń kó peroxide jọ. Hexane á ṣe iṣẹ́ náà fún qinghao.

Òdì kejì rẹ̀ ni fuzi, gbòǹgbò aconite. Aconitine inú rẹ̀ ń da ìlù ọkàn rú, ó sì ń pa èèyàn. Sísè rẹ̀ fún wákàtí mélòó kan ló ń já a sí benzoylaconine, tí májèlé rẹ̀ kéré sí i gan-an. Ẹni tó bá fi methanol tútù yọ gbòǹgbò tí wọn ò sè, tí eku rẹ̀ sì kú, kò tíì mọ nǹkan kan nípa oògùn tí wọ́n ń mu ní Ṣáínà.

Kí a tó yọ oje kankan, ewé wo lẹ ní lọ́wọ́? Orúkọ tí wọ́n ń pè é lọ́jà kò tó. Lọ́dọ̀ wa, ewé kan náà ni wọ́n ń pè ní ewé Akíntọ́lá níbì kan, tí wọ́n ń pè ní ewé Awólọ́wọ̀ níbòmíràn: ewé kan, òṣèlú méjì. Ti Ṣáínà sábà máa ń rí lódì kejì, orúkọ kan, igi méjì. Qinghao fúnra rẹ̀, nínú àwọn ewé tí wọ́n ń fi orúkọ yẹn tà, Artemisia annua ni artemisinin wà nínú rẹ̀. Èyí tó burú jù ni fang ji. Han fang ji ni Stephania tetrandra, guang fang ji ni Aristolochia fangchi. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1990 sí i, ní Brussels, wọ́n fi èkejì rọ́pò èkíní nínú oògùn tí àwọn obìnrin ń lò láti dín ara kù. Kídìnrín wọn bẹ̀rẹ̀ sí í kú. Ìròyìn rẹ̀ jáde ní 1993, àwọn tó kàn sì tó nǹkan bí 100 nígbà tó yá. Aristolochic acid ló ṣe é, ó sì tún ń fa jẹjẹrẹ sí ọ̀nà ìtọ̀. Kò sí ẹ̀rọ kankan tó lè gba ẹni tó ṣi ewé mú sílẹ̀.

Bí ewé bá tútù, tó ní òdòdó tàbí èso, ẹ tẹ̀ ẹ́ pẹrẹsẹ sínú ìwé ìròyìn, ẹ gbé e lọ sí ibi tí wọ́n ń kó ewé gbígbẹ pa mọ́ ní Yunifásítì Èkó, Akọka, kí wọ́n dá a mọ̀ kí wọ́n sì fún un ní nọ́ńbà. Ti Ṣáínà kì í dé bẹ́ẹ̀. Gígé wẹ́wẹ́ ló ń dé, kò sí òdòdó, kò sí ewé. Ẹ rà á ní ṣọ́ọ̀bù mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, ẹ ta oje mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sórí pátákó kan náà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògidì tí a ti fìdí rẹ̀ múlẹ̀. Bí ọ̀kan bá yàtọ̀, ẹ yà á sọ́tọ̀. Kí ẹ tó lọ̀ ohunkóhun, ẹ fi 50 gíráàmù pa mọ́ sínú ìgò dúdú pẹ̀lú silica gel. Ọjọ́ kan ń bọ̀ tí ẹnì kan á bèèrè pé ṣé ó dá yín lójú, ẹ ó sì nílò rẹ̀.

Èyí tó bá ti di kápúsù tàbí tíì nínú páálí, bí irú èyí tí wọ́n ń tà ní Ìdúmọ̀tà, ìdánwò mìíràn ló ń ṣíwájú: ṣé oògùn òyìnbó ni wọ́n pò mọ́ ọn? Oògùn "agbára ọkùnrin" tó bá ṣiṣẹ́ láàárín wákàtí kan, ẹ wá 475.2 lórí LC-MS (ẹ̀rọ tó ń ya èròjà sọ́tọ̀, tó sì ń wọn ìwúwo móléékù wọn), sildenafil nìyẹn. Oògùn oríkèé ríro tó mú ẹsẹ̀ yá lọ́jọ́ kejì, ẹ wá dexamethasone ní 393.2. Tíì tó ń dín ara kù, tí kì í jẹ́ kí ebi pa èèyàn, tó ń mú àyà já, ẹ wá sibutramine ní 280.2. Àṣìlò owó ni kéèyàn fi oṣù mẹ́fà ya kápúsù sí ìpín ogójì, kó wá rí nǹkan tí wọ́n ń ṣe ní ilé iṣẹ́ oògùn ní ìparí rẹ̀.

Ó wá kan lílọ̀ àti yíyọ. Ẹ sá a sí ibòji. Lóṣù Kẹfà sí Ìkeje, afẹ́fẹ́ Èkó tutù débi pé ó lè hu ebu kó tó gbẹ, nítorí náà ẹ lo àárò láàbù ní díígírì 40, kí fáànù máa fẹ́ nínú rẹ̀, títí ìwọ̀n rẹ̀ kò fi ní yí padà mọ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbé e lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń lọ̀ ata lọ́jà. Ooru ẹ̀rọ yẹn kò kéré, ata àná sì wà lára rẹ̀; capsaicin á yọ lórí LC-MS ní 306.2, ẹ ó máa rò pé ẹ ti rí èròjà tuntun nínú egbòogi Ṣáínà. A sì tún ń rí àlùbọ́sà nínú rẹ̀ nígbà míràn.

Fún 500 gíráàmù ìyẹ̀fun, lítà 5 ethanol ìdá 70 nínú 100 tó o, wákàtí 24, ẹ máa rò ó, ẹ sẹ́ ẹ, ẹ tún omi rẹ̀ pààrọ̀ lẹ́ẹ̀mejì sí i. Sọ́fẹ́ǹtì tó wà nínú kéègì ní ọjà kẹ́míkà Ojota kò burú fún yíyọ tó pọ̀, àmọ́ ẹ gbọ́dọ̀ tún un sè, kí ẹ jẹ́ kí ooru tó ń gòkè tutù padà di omi, kí ẹ tó lò ó. Ẹ gbé mílílítà 100 rẹ̀ gbẹ nínú ìgò mímọ́, ẹ wo ohun tó ṣẹ́ kù. Bí nǹkan olóròóró bá wà nídìí rẹ̀, ó sábà máa ń jẹ́ phthalate, láti ara kéègì àti rọ́bà. Ó ń yọ ní 391.3 lórí LC-MS. Èròjà yìí ti wọ inú àìmọye ìwé ìwádìí gẹ́gẹ́ bí "èròjà inú ewé", ó sì ń dójú tini.

Ibi tí oje máa ń bàjẹ́ jù lọ ni ìdí ẹ̀rọ tó ń fa sọ́fẹ́ǹtì kúrò. Ogún-ogún ni ìlànà rẹ̀: bí omi tí fúláàsì wà nínú rẹ̀ bá jẹ́ díígírì 60, ooru ethanol á jẹ́ 40, omi tó ń tu ú nínú gbọ́dọ̀ jẹ́ 20. Ẹni tó bá fẹ́ kí omi fúláàsì má ju 40 lọ nítorí èròjà tí kò fẹ́ ooru, omi ìtutù rẹ̀ gbọ́dọ̀ sún mọ́ òdo. Omi ẹ̀rọ tiwa ń wá ní díígírì 28 tàbí 29. Ethanol ò ní tutù níbẹ̀, inú pọ́ńpù ló máa gbà lọ, pọ́ńpù á sì bàjẹ́. Ẹ ra omi dídì, ẹ kó o sínú kúlà ńlá pẹ̀lú omi àti iyọ̀ díẹ̀, ẹ fi pọ́ńpù kékeré bíi ti inú àpótí ẹja máa yí i ká. Wákàtí méjì sí mẹ́ta ló ń gbà kó tó yọ́ tán. Bí iná bá lọ, ohun àkọ́kọ́ ni kí ẹ gbé fúláàsì kúrò nínú omi gbígbóná. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ ṣí afẹ́fẹ́ sí i. Ẹni tó bá ń fi omi ẹ̀rọ fa afẹ́fẹ́, kó fi ìgò òfìfo sáàárín, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ omi gọ́tà á fà padà bọ́ sínú oje. Egbòogi tó ní saponin púpọ̀, bíi ginseng, á hó bí ewúro nínú fúláàsì, á sì gun òkè lọ. Ẹ má bu ju ìdá kan nínú mẹ́ta fúláàsì lọ, ẹ rọra máa dín afẹ́fẹ́ rẹ̀ kù.

Ẹ wá pò oje náà mọ́ omi tó ní methanol ìdá 10 nínú 100, ẹ gbọ̀n ọ́n pẹ̀lú hexane lẹ́ẹ̀mẹta, lẹ́yìn náà ethyl acetate, lẹ́yìn náà butanol. Bí omi àti sọ́fẹ́ǹtì bá kọ̀ tí wọn ò pínyà, tí wọ́n dà bí ẹ̀kọ mímu, ẹ bu iyọ̀ sí i, ẹ fi í sílẹ̀ di ọ̀la. Butanol ń hó ní díígírì 118. Ẹ máa bu omi sí i bí ẹ ṣe ń fà á kúrò, omi á bá a gbé e lọ ní ooru tó kéré sí ìyẹn.

Ibí yìí gan-an lọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà, nítorí náà ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Ẹ fi IC50, ìyẹn ìwọ̀n oje nínú mílílítà kan tó ń dá ìdajì kòkòrò dúró, pín ìwọ̀n oje tí ẹ ní. Ohun tó bá jáde ni iye lítà tí oje yẹn tó láti dá ìdajì kòkòrò inú rẹ̀ dúró. Ká ní oje àkọ́kọ́ jẹ́ 50 gíráàmù, IC50 rẹ̀ jẹ́ máíkírógíráàmù 20 nínú mílílítà kan: lítà 2,500 nìyẹn. Lẹ́yìn pípín, apá ethyl acetate jẹ́ 8 gíráàmù, IC50 rẹ̀ jẹ́ 5: lítà 1,600. Ti butanol, 12 gíráàmù, IC50 50: lítà 240. Hexane, 10 gíráàmù, àti omi, 18 gíráàmù, IC50 méjèèjì kọjá 100, nítorí náà wọn ò lè ju lítà 280 lọ lápapọ̀. Àròpọ̀ gbogbo rẹ̀ kò lè ju 2,120 lọ. Ibo ni 380 yòókù, ó kéré tán, wà? Ó lè jẹ́ pé èròjà kan ti bàjẹ́, ó lè lẹ̀ mọ́ ara ìgò, ó sì lè jẹ́ pé èròjà méjì tó ń ran ara wọn lọ́wọ́ lẹ ti tú ká. Ẹ pa apá mẹ́rẹ̀ẹ̀rin pọ̀ padà ní ìwọ̀n tí wọ́n wà tẹ́lẹ̀, kí ẹ dán an wò. Bí agbára bá padà dé, àjọṣe ni. Bí kò bá dé, ẹ ti pàdánù nǹkan.

Àjọṣe yẹn kì í ṣe àlá. Ní 2000, àwọn onímọ̀ kan ní Amẹ́ríkà fi hàn pé nínú igi Berberis, èròjà kan wà tó ń jẹ́ 5'-methoxyhydnocarpin. Ó dá nìkan wà, kò pa Staphylococcus aureus. Àmọ́ pọ́ńpù kan wà tí bakitéríà yìí fi ń tu berberine síta. Èròjà náà dí pọ́ńpù ọ̀hún lẹ́nu, berberine sì wá ráyè ṣiṣẹ́. Ẹni tó bá yà wọ́n sọ́tọ̀ tó dán wọn wò lọ́kọ̀ọ̀kan á ní ọ̀kan ò níláárí.

Ìṣirò kan náà ló ń tú àṣírí àwọn tó ń yára kéde. Ẹ fi 8 gíráàmù ethyl acetate yẹn la ọ̀wọ̀n silica kọjá, 300 gíráàmù silica ó kéré tán, oje ti gbẹ mọ́ silica díẹ̀ kó tó wọlé, mílílítà 50 nínú ìgò kọ̀ọ̀kan. Ní ìparí, ẹ rí 100 mílígíráàmù èròjà kan tó mọ́, kírísítà funfun, IC50 rẹ̀ jẹ́ 1. Inú yín á dùn. Lítà 100 péré ló jẹ́ o, nínú 1,600. Nǹkan bí ìdá 6 nínú 100 iṣẹ́ náà lẹ rí, ìyókù ṣì wà nínú àwọn ìgò tí ẹ ti fẹ́ dà nù. Èyí tó rọrùn láti di kírísítà lẹ mú, ó sì ṣeé ṣe kí èyí tó ń ṣiṣẹ́ gan-an jẹ́ ọ̀rá rírọ̀ kan nínú ìgò kẹtàdínlógún.

Ọ̀nà tó rọrùn jù láti mọ ìgò wo ni, fún láàbù tí kò lówó, ni kí ẹ jẹ́ kí bakitéríà fúnra rẹ̀ tọ́ka sí i lórí pátákó. Ẹ ta máíkírólítà 10 láti inú oje tó jẹ́ 10 mílígíráàmù nínú mílílítà kan sórí pátákó silica F254; 100 máíkírógíráàmù ló balẹ̀ níbẹ̀. Ẹ ṣe méjì tó bára mu: ọ̀kan fún bakitéríà, ọ̀kan fún kẹ́míkà. Ẹ jẹ́ kí sọ́fẹ́ǹtì gùn ún, toluene, ethyl acetate àti formic acid, 5:4:1 fún àpẹẹrẹ. Ẹ wá gbẹ ẹ́. Gbígbẹ yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìṣẹ́jú 10: formic acid tó bá kù lára rẹ̀ á pa bakitéríà fúnra rẹ̀, gbogbo ojú pátákó á funfun, ẹ ó sì máa yọ̀. Ẹ fi í sílẹ̀ lábẹ́ fáànù títí ilẹ̀ á fi mọ́, kí ẹ sì ní pátákó kan tí ẹ ò ta nǹkankan sí àmọ́ tí sọ́fẹ́ǹtì gùn. Ẹ po agar rírọ̀, ìdá 0.7 nínú 100, ẹ jẹ́ kó tutù dé díígírì 45, ẹ po bakitéríà mọ́ ọn, ẹ dà á tẹ́ẹ́rẹ́ sójú pátákó. Díígírì 37 mọ́jú. Ní òwúrọ̀, ẹ fọ́n MTT, aró tí bakitéríà tó wà láàyè ń yí àwọ̀ rẹ̀ padà, sí i. Ibi tí bakitéríà bá wà láàyè á di àlùkò, ibi tí èròjà ti pa wọ́n á wà ní funfun bí ojú òṣùpá. Ẹ gbé èkejì sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ẹ wo àmì tó bá funfun yẹn ṣe déédéé. Àmì tó tóbi jù tó sì dúdú jù lábẹ́ iná kì í sábà jẹ́ òun.

Ẹ jẹ́ ká wá mú huang lian, gbòǹgbò Coptis, tí àwọn ará Ṣáínà ń lò fún ìgbẹ́ gbuuru. Ó yẹ́lò, ó korò, ó ń tàn yẹ́lò lábẹ́ iná 366. Èèpo igi dókítà igbó tí àwọn lẹ́kùlẹ́jà ń tà ní Mushin fún ibà náà yẹ́lò, ó korò, ó ń tàn bákan náà. Lórí pátákó, ẹ lè búra pé ọ̀kan náà ni wọ́n. Lórí LC-MS, ti Ṣáínà gbé 336.12 jáde, berberine. Tiwa gbé 352.15 sókè jù lọ, palmatine, pẹ̀lú jatrorrhizine ní 338.14. Ìbátan ni wọ́n, wọn kì í ṣe ẹnì kan náà. Èyí tó kàn wá níbí ni pé gbogbo wọn ló gbé àmì àfikún tí kì í kúrò lára nitrogen wọn. Ọ̀nà tí wọ́n kọ́ gbogbo wa fún alkaloid (èròjà inú egbòogi tó ní nitrogen bí ìwọ̀nyí), ásíìdì dé pH 2, fọ̀ ọ́, ammonia dé pH 9 tàbí 10, kí ẹ wá fi chloroform gbé e, kò gbé èyí tó pọ̀ jù nínú irú wọn. Inú omi ni wọ́n jókòó sí, omi náà sì rèé tí akẹ́kọ̀ọ́ ń dà sínú síǹkì pẹ̀lú àwọ̀ yẹ́lò rẹ̀. Bí omi tó kù bá ṣì yẹ́lò, tí Dragendorff, kẹ́míkà tí a fi ń dá alkaloid mọ̀, sì ń mú un ní àwọ̀ ọsàn, iṣẹ́ ò tíì tán.

Ìdí nìyẹn tó fi dára kí LC-MS ṣíwájú ọ̀wọ̀n. Mílígíráàmù kan tó. Ẹ gbé ohun tó jáde lọ sórí GNPS, ibi ìkó-àbájáde irú ẹ̀rọ yìí jọ lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, ọ̀fẹ́ ni, kí ẹ fi wé ohun tí àwọn èèyàn ti rí. Bó bá jẹ́ berberine ni, ẹ ra ògidì rẹ̀, ẹ fi wé e, ẹ fi ọ̀sẹ̀ kan parí ohun tí ẹ̀yin ì bá fi ọdún kan ṣe. NMR, ẹ̀rọ tó ń fi bí móléékù ṣe rí hàn, ló kù fún èyí tí ẹnikẹ́ni ò mọ̀: 2 sí 5 mílígíráàmù, ó mọ́ dé ìdá 95 nínú 100, inú ìgò gíláàsì, ẹ má fi ike kankan kàn án.

Ọ̀rọ̀ DPPH, ìdánwò agbára antioxidant, ńkọ́? Ó pọ̀ nínú iṣẹ́ àwọn ọmọ wa nítorí pé ó rọrùn: àwọ̀ àlùkò á ṣá, ẹ ka 517 nm, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Ohun tó bá ní phenol á mú un ṣá, tíì Lipton náà á mú un ṣá. Kò sọ ohunkóhun nípa ibà, àtọ̀gbẹ tàbí ẹ̀jẹ̀ ríru. Ẹni tó bá fi DPPH darí yíyà oje, tannin ló máa bá nípàdé lójoojúmọ́. Tannin kan náà ló ń ba ìdánwò alpha-glucosidase (enzyme tí wọ́n fi ń wá oògùn àtọ̀gbẹ) jẹ́, nítorí ó ń di gbogbo proteinì tó bá rí mú, enzyme pẹ̀lú. Ẹ gbọ̀n oje pọ̀ mọ́ PVPP, ìyẹ̀fun tó ń di tannin mú, fún ìdajì wákàtí, ẹ sẹ́ ẹ, kí ẹ tún un dán wò. Bí agbára bá pòórá, tannin ni.

Ibi tó kù ni inú èèyàn fúnra rẹ̀. Berberine tí ẹ gbé mì, kò tó ìdá kan nínú 100 tó ń dénú ẹ̀jẹ̀, nítorí náà IC50 tó dùn nínú abọ́ lè máà kan ẹ̀jẹ̀ rárá. Inú ìfun ló ti ń ṣe púpọ̀ nínú iṣẹ́ rẹ̀. Ewé senna, fan xie ye, tó wà nínú ọ̀pọ̀ tíì Ṣáínà tí àwọn èèyàn ń mu láti dín ikùn kù, tún yàtọ̀. Ẹ yọ sennoside A àti B, ẹ dán wọn wò lórí ìfun tí ẹ fọ̀ mọ́, ẹ ò ní rí nǹkan gúnmọ́. Bakitéríà inú ìfun ńlá ló ń gé ṣúgà kúrò lára wọn, tó ń sọ wọ́n di rhein anthrone, òun ló sì ń mú ìfun sáré. Ìrìn àjò yẹn ń gba nǹkan bíi wákàtí 8, ìdí nìyẹn tí ẹni tó mu ún lálẹ́ fi ń fi ìdájí wá ilé ìyàgbẹ́. Bí ẹ bá fẹ́ mú irú èròjà bẹ́ẹ̀, ẹ po oje mọ́ ìgbẹ́ tútù, ìdá 10 nínú 100, nínú omi phosphate, kí oxygen má wọ ibẹ̀, díígírì 37, wákàtí 24, kí ẹ tó gbé e sórí ìdánwò. Ẹ ṣe òmíràn lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ pẹ̀lú ìgbẹ́ tí ẹ ti sè pa, bákan náà èyí tí kò ní oje, nítorí ìgbẹ́ fúnra rẹ̀ ní agbára tirẹ̀.